Fíìmù Tí Nǹkan Kan Kò Ṣẹlẹ̀ Nínú Rẹ̀

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi rò pé èmi nìkan ni,
ní gbogbo Àkúrẹ́, láti Ọjà Ọba dé Alágbàáka,
ni etí mi wọ́ báyìí.
Ìyá mi ní, "Ṣé orin nìyẹn?
Ayùn tó ń ké mọ́ ọ létí ní ilé pákó láti àárọ̀,
ṣé kò tó ọ ni?"
Mo yí i sílẹ̀. Mo wọ yàrá. Mo ti fèrèsé.
Bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò
ni mo ṣe ń gbọ́ ọ, tí mo faṣọ borí.

Wọ́n ní ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni;
ológún ẹrú kú, ẹ̀wù rẹ̀ kan ṣoṣo.
Èmi, ẹ wo bàtà mi.

Títí di Ọjọ́bọ̀ kan, òjò ń pa Arákàlẹ̀,
mo sá sábẹ́ páànù Akíndípẹ̀ tó ń tún fíríìjì ṣe,
mo sì gbọ́ ọ:
obìnrin kan tó ń kùn lórí ìró ayùn,
kò sí ọ̀rọ̀, kò sí ìlù, kò sí ègbè,
ohùn kan ṣáá, tó ń gòkè bí ìgbín gun ògiri.
Mo mọ̀ ọ́n! Mo mọ ibi tí yóò ti mí!
Mo mí pẹ̀lú rẹ̀.
Akíndípẹ̀ náà mí.
Sípánà ń bẹ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó wò mí títí,
ó ní, "Níbo ni ìwọ ti rí i?"
àfi bí ẹni pé owó rẹ̀ tó sọ nù ni mo mú dání.

Ìbíyẹmí dé, tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò.
Bàbá Fágbohún dé láti Òǹdó,
ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu kòkó wíwọ̀n,
àpò ike rẹ̀ kún fún kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní orúkọ lára.
A ta aṣọ ibùsùn sára ògiri
láàárín òkú fíríìjì mẹ́fà.

Ọkùnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà.
Ó fẹ́ wọlé. Kò wọlé.
Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méje.
Ajá kan kọjá lẹ́ẹ̀mejì.
Ìbíyẹmí ní, "Ẹni tó ń wá ti kú nínú ilé, ó sì mọ̀."
Akíndípẹ̀ ní irọ́ ni, gbèsè ni ọkùnrin yẹn jẹ.
Bàbá Fágbohún ń hanrun.
Nígbà tó jí, ó ní ajá yẹn ni òun fẹ́ràn jù.

Ọmọ vọkanáísà yọjú wọlé:
"Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni ìjà máa bẹ̀rẹ̀?"
Ó jókòó de ìjà. Ìjà ò dé.
Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún padà wá.

Ká má parọ́, n kò fẹ́ràn orin Ìbíyẹmí:
àwọn ọkùnrin tó ń fọn fèrè sínú kànga,
bí ẹni tí inú ń run.
Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀.
Ó ní ohun tó bá wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú,
ó sì tún un fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.
Mo jókòó. Mo gbọ́ ọ dé òpin.
Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún tèmi náà lóṣù tó kọjá,
ó ń yán, ṣùgbọ́n kò dìde.

Ní báyìí ojú Bàbá Fágbohún ti ń ṣú,
síbẹ̀ ó ń wọkọ̀ wá.
Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ń jókòó sí,
kí n lè máa sọ fún un ohun tó ń lọ.

"Ó ṣì dúró."
"Ṣé ó ti kan ilẹ̀kùn?"
"Rárá."
"Ajá ńkọ́?"
"Kò tíì kọjá."

Bàbá fa àga rẹ̀ súnmọ́ iwájú díẹ̀.
"Kò burú," ó ní. "A ó dúró dè é."